Sátẹ́láìtì Mọ Ibi Tí Ẹ Wà, Àmọ́ Kò Mọ Ọkọ̀ Tí Ẹ Máa Wọ̀

Ká sọ pé agùnbánirọ̀ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní kámǹpù NYSC ní Ìkàrẹ́-Àkókó, wọ́n sì fún un ní lẹ́tà pé ilé ìwé kan ní Ipogun ló ti máa sìn. Kò dé ìpínlẹ̀ Oǹdó rí kó tó dìgbà yẹn. Ó bọ́ sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ tòun ti báàgì ńlá méjì, ó yọ fóònù, ó tẹ "Ipogun" sínú máàpù. Kò pẹ́, àmì róbótó aláwọ̀ búlúù yọ: ibi tó o wà nìyí. Ipogun náà yọ lápá ìwọ̀-oòrùn Àkúrẹ́. Máàpù ní tó o bá ní mọ́tò, gba ibí; tó o bá fẹ́ fẹsẹ̀ rìn, ó máa tó wákàtí mélòó kan o.

Kò ní mọ́tò. Ta ló sì ń fẹsẹ̀ rìn láti Àkúrẹ́ dé Ipogun pẹ̀lú báàgì méjì? Ohun tó fẹ́ mọ̀ ò ju mẹ́ta lọ: ọkọ̀ wo ni kóun wọ̀, níbo ni kóun ti wọ̀ ọ́, èló ni. Máàpù ò sọ ọ̀kankan nínú ẹ̀. Ìyá tó ń ta ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ló máa sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún un, kò tiẹ̀ ní gbójú kúrò lára ọsàn tó ń bó: "Ọmọ mi, má wọkọ̀ níbí o. Sọdá sí òdìkejì, wọ kábù lọ sí gáréèjì. Tó o bá débẹ̀, má kàn máa retí ẹni tó ń pe Ipogun o, ìlú tó wà níwájú ẹ̀ ni wọ́n lè máa pè. Sọ fún dírẹ́bà kó já ẹ sílẹ̀. Tó bá ní kó o san ju iye báyìí lọ, sọ̀ kalẹ̀, wọ òmíràn."

Èrò tèmi nìyí: máàpù ọkọ̀ èrò Àkúrẹ́ àti Oǹdó ti wà tipẹ́. Ẹnu ìyá yẹn ló wà, àti ẹnu àwọn dírẹ́bà, àti tàwọn ọmọ ilé ìwé tó ń wọkọ̀ lójoojúmọ́. Ohun tó kù ni ká kọ ọ́ sílẹ̀, síbi tí gbogbo ayé ti lè rí i láìsan kọ́bọ̀. Àwa tá a ní fóònù, tá a sì gbọ́ díẹ̀ nínú sáyẹ́ǹsì ló yẹ kó ṣe é. Tá a bá ń dúró de ilé iṣẹ́ kan ní California, a máa pẹ́ níbẹ̀.

Àmọ́ àmì búlúù yẹn náà tó yìn, ẹ jẹ́ ká fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé íntánẹ́ẹ̀tì ló ń sọ ibi tá a wà fún fóònù. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, sátẹ́láìtì ni. Èyí tó lókìkí jù ni GPS ti ìjọba Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní kíkún lọ́dún 1995. Rọ́ṣíà ní GLONASS, Yúróòpù ní Galileo, Ṣáínà ní BeiDou, ọ̀pọ̀ fóònù òde òní sì ń gbọ́ ohùn wọn pa pọ̀. Ti GPS yìí, ó kéré tán sátẹ́láìtì 24 ni wọ́n ṣètò pé kó máa yí ayé po, wọ́n sì wà ní nǹkan bíi kìlómítà 20,200 sókè. Iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣe ò ju kó máa kígbe lọ: "Èmi lágbájá rèé, ibi tí mo wà nìyí, ohun tí aago mi sọ nìyí." Fóònù yín kàn ń gbọ́ ni, bí ìgbà téèyàn ń gbọ́ rédíò. Kò fèsì padà. Ìdí nìyẹn tí GPS fúnra rẹ̀ kì í fi í jẹ dátà, tí sátẹ́láìtì ò sì mọ̀ pé ẹ wà láyé.

Igbe yẹn ń rìn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń rìn, nǹkan bíi kìlómítà 300,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti òkè lọ́hùn-ún dé ọwọ́ yín, kò ju nǹkan bí ìdá méje sí mẹ́sàn-án lọ tẹ́ ẹ bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọgọ́rùn-ún. Fóònù á wo bí igbe náà ṣe pẹ́ tó lójú ọ̀nà, á fi ìyẹn mọ bí sátẹ́láìtì ṣe jìnnà tó. Mẹ́ta ì bá tó láti mọ ibi tẹ́ ẹ dúró sí, àmọ́ aago inú fóònù wa ò péye tó, ló ṣe nílò ìkẹrin kó lè fi tún aago ara ẹ̀ ṣe. Ọ̀rọ̀ aago yìí ò ṣeé fojú kéré o. Tí ẹ bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, tí aago wá fi ẹyọ kan ṣoṣo nínú ẹ̀ ṣìnà, ibi tẹ́ ẹ wà á fi mítà 300 yẹ̀. Kódà ọwọ́ Einstein wà níbẹ̀: aago tó wà lókè lọ́hùn-ún ń fi ìdá 38 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá yá ju ti ilẹ̀ lọ lójúmọ́. Ká ní wọn ò ṣàtúnṣe rẹ̀ ni, láàárín ọjọ́ kan ìṣirò á ti fi kìlómítà tó lé ní 10 ṣìnà, ẹni tó dúró ní Ọjà Ọba Àkúrẹ́ á rò pé òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ipogun.

Títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún ọdún 2000, Amẹ́ríkà tiẹ̀ máa ń mọ̀ọ́mọ̀ da ohùn náà rú fún ẹni tí kì í ṣe ológun. Láti ìgbà tí wọ́n ti jáwọ́ nínú ẹ̀, fóònù tó wà níta gbangba lè mọ ibi tó wà, kó má fi ju nǹkan bíi mítà márùn-ún yẹ̀. Dátà tí máàpù ń jẹ, àwòrán ló ń fi wá, ó sì ń fi ran fóònù lọ́wọ́ láti tètè rí sátẹ́láìtì. Torí náà, tẹ́ ẹ bá ti gba máàpù Nàìjíríà sórí fóònù níbi tí Wi-Fi wà, bóyá pẹ̀lú Organic Maps tàbí OsmAnd, ẹ lè pa dátà kẹ́ ẹ máa lọ sí Ìdànrè, àmì búlúù á máa bá yín lọ. Ẹ ṣe ìyẹn lónìí. Ó sàn ju kéèyàn máa gbé fóònù sókè wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì láàárín títì lọ.

Ṣé ẹ wá rí ohun tó ń bí mi nínú? Ẹ̀rọ tó ń bá Einstein ṣírò wà nínú àpò wa, ó mọ ibi tá a fi ẹsẹ̀ lé, kò wá lè sọ fún wa bóyá ká sọdá sí òdìkejì títì.

Ìdí rẹ̀ kì í ṣe pé Google kórìíra Àkúrẹ́. Ọ̀rọ̀ fáìlì ni. Lọ́dún 2005, àwọn ará Google àti TriMet, ìyẹn àjọ tó ń bójú tó bọ́ọ̀sì nílùú Portland ní Amẹ́ríkà, jọ ṣètò bí wọ́n á ṣe máa kọ ìrìn ọkọ̀ èrò sílẹ̀ tí kọ̀ǹpútà á fi lè kà á. GTFS ni wọ́n ń pè é lónìí. Kò sí idán kankan níbẹ̀, ọ̀rọ̀ lásán ni, tí wọ́n fi kọ́mà pààlà sí. Fáìlì kan wà fún ibùdókọ̀, òmíràn fún ojú ọ̀nà, òmíràn fún aago tí ọkọ̀ ń dé ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìlú tó bá ti kọ tiẹ̀ síta, máàpù á mọ ọkọ̀ rẹ̀. Èyí tí ò bá kọ ọ́, ọkọ̀ rẹ̀ ò sí láyé lójú máàpù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń wọ̀ ọ́.

Ta ló máa kọ ti Àkúrẹ́ wàyí? Mọ́tò kọ̀ọ̀kan ló ní olówó tiẹ̀. Àwọn dírẹ́bà wà nínú ẹgbẹ́ onímọ́tò lóòótọ́, àmọ́ ẹgbẹ́ ò jókòó sínú ọ́fíìsì máa kọ aago ọkọ̀. Kò tiẹ̀ sí aago láti kọ. Ọkọ̀ tó bá kún ló ń lọ.

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀ yẹn, pé ohun tí ò ní aago ò ṣeé gbé sórí máàpù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní ní gáréèjì kan, èrò kan ń dé ní ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta. Tó bá jẹ́ kábù èrò mẹ́rin ló wà níwájú, ẹni tó kọ́kọ́ wọlé á dúró fún ìṣẹ́jú 9, ẹni ìkẹyìn ò ní dúró rárá. Tẹ́ ẹ bá pín in dọ́gba, ìṣẹ́jú mẹ́rin ààbọ̀ ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ bọ́ọ̀sì èrò 14, ẹni àkọ́kọ́ á jókòó láagùn fún ìṣẹ́jú 39, ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan á sì di 19 ààbọ̀. Gáréèjì kan náà, èrò kan náà o. (Ẹ wá rí i pé àwọn tó ń sá fún bọ́ọ̀sì ńlá lọ wọ kábù, kì í ṣe agídí ló ń ṣe wọ́n, wọ́n ti ṣírò ẹ̀ láìmú bírò.) Ohun tí mo ń sọ ni pé "ọkọ̀ tó bá kún ló ń lọ" náà ní òfin tiẹ̀, ó sì ṣeé wọ̀n. GTFS náà ní àyè fún un: wọ́n lè kọ ọ́ pé láàárín aago báyìí sí báyìí, ọkọ̀ kan máa ń lọ ní ìṣẹ́jú báyìí-báyìí, láìdárúkọ aago kan pàtó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mọ́ mi jù ni ti orúkọ. Ní Àkúrẹ́, ibì kan wà tó ń jẹ́ Ìlẹ́ṣà Gáréèjì. Kò sí ní Ìlẹ́ṣà o. Ìlẹ́ṣà wà lọ́nà jíjìn, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìbàdàn náà ní Ìwó Róòdù, kò sì sí ní Ìwó. Àjèjì tó bá gbọ́ pé ọ̀rẹ́ òun wà ní Ìlẹ́ṣà Gáréèjì lè rò pé ọ̀rẹ́ náà ti kúrò nílùú. Àmọ́ ẹ rò ó wò: wọn ò fi ibi tí gáréèjì náà wà pè é, ibi tó kọjú sí ni wọ́n fi pè é. Orúkọ yẹn fúnra ẹ̀ ni àtọ́nà. Ẹni tó bá ti mọ̀ pé apá Ìlẹ́ṣà lòun ń lọ ti mọ ibi tó yẹ kóun lọ dúró sí, láìṣí máàpù kankan.

Bí máàpù ọkọ̀ tó dáa ṣe máa ń rí gan-an nìyẹn. Lọ́dún 1931, Harry Beck, tó ń ya àwòrán ètò iná mànàmáná fún rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ London, ya máàpù kan tó pa bí ọ̀nà ṣe jìnnà síra tì. Ó na ìlà kọ̀ọ̀kan gbọnrangandan, ó fi àwọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀, ó fi ibùdókọ̀ lélẹ̀ bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra wọn. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún aráàlú lọ́dún 1933, àwọn èèyàn fẹ́ràn ẹ̀ gidigidi, torí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ò bìkítà nípa bóyá ọ̀nà yí síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni ibi tó kàn, àti ibi tóun ti máa sọ̀ wọ òmíràn. Ẹ tún ọ̀rọ̀ ìyá ọlọ́sàn kà. Kò sọ kìlómítà kankan. Kò sọ àríwá tàbí gúúsù. Sọdá, wọ kábù, dé gáréèjì, wọ òmíràn, sọ̀. Máàpù Beck ló fẹnu yà yẹn.

Torí náà, tá a bá máa kọ ti Àkúrẹ́, orúkọ tó wà lẹ́nu èèyàn ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ibùdókọ̀ kan ń jẹ́ NEPA. Láti 2005 ni wọ́n ti sọ NEPA di PHCN. Nígbà tó di 2013, PHCN náà lọ, BEDC ló ń pín iná fún wa báyìí. Ẹ wọ kábù kẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ sọ̀ ní BEDC, ẹ wo bí dírẹ́bà ṣe máa wò yín. Ibòmíràn ń jẹ́ Róòdù Bílọ́ọ̀kù, àjèjì á rò pé àwọn ọlọ́pàá ló dí ọ̀nà. Oǹdó ní Yaba tiẹ̀, Àkúrẹ́ ní Ìsọlọ̀ tiẹ̀, ẹni tó bá sì tẹ Yaba lásán sínú fóònù lè bá ara ẹ̀ l'Ékòó. Ọjà Ọba ńkọ́? Àkúrẹ́ ní, Adó-Èkìtì ní, Ìbàdàn ní, Ìlọrin ní. Ọmọ ìlú ló mọ èyí tí à ń wí. Ìwé ìjọba lè ní orúkọ tó gùn tó sì lọ́lá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn; kò burú, ẹ kọ ìyẹn sí ìsàlẹ̀.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ: abéèrè kì í ṣìnà. Kí la tún fẹ́ fi máàpù ṣe nígbà tí ẹnu wà? Òótọ́ ni, èmi náà ń bèèrè. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sòótọ́ fúnra wa nípa ẹni tó lè bèèrè. Adití ò lè bèèrè bẹ́ẹ̀ yẹn láàárín ariwo gáréèjì. Agùnbánirọ̀ tó ti Sókótó tàbí Calabar wá, tí kò gbọ́ Yorùbá, á bèèrè, wọ́n á dá a lóhùn, ìdajì ìdáhùn ló máa gbọ́. Ọmọbìnrin tó dé sílùú láago mẹ́jọ alẹ́, tó ń bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹni tí ò mọ̀, ti sọ fún gbogbo ẹni tó wà nítòsí pé àlejò lòun. Gbogbo wa la mọ ohun tí wọ́n ń pè ní "one chance". Ẹni tó bá mọ ibi tí kábù gidi ti ń gbéra, tó mọ ibi tó yẹ kó gbà, á tètè fura tí ọkọ̀ bá yà síbi tí ò yẹ, kó tó pẹ́ jù.

Ti owó náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá bèèrè pé "Èló ni dé Oǹdó?" pẹ̀lú ohùn àlejò, owó àlejò ni wọ́n máa pè fún un. Mi ò sọ pé gbogbo dírẹ́bà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní gba náírà kan lé e. Àmọ́ ẹni tó bá ti mọ iye tí wọ́n ń gbà láàárọ̀ ọjọ́ náà kì í bèèrè, ó kàn máa na owó ni.

Wọ́n ti ṣe irú iṣẹ́ yìí nílùú tó ṣòro ju tiwa lọ. Ní Nairobi, matatu ló pọ̀ jù nínú ọkọ̀ èrò, àwọn náà ò ní aago, olówó kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Nairobi àti àwọn ará MIT, Columbia àti Groupshot ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n pè ní Digital Matatus. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kàn ń wọ matatu kiri, fóònù wọn ń gba ibi tí ọkọ̀ gbà sílẹ̀, wọ́n ń tẹ bọ́tìnì níbi tó bá dúró sí. Ojú ọ̀nà tí wọ́n kó jọ lé ní 130. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2014, wọ́n gbé máàpù bébà jáde, aláwọ̀ mèremère bíi ti London, ìjọba ìlú sì gbà á. Lọ́dún 2015 ni wọ́n gbé ojú ọ̀nà matatu wọ inú Google Maps. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kíyè sí bó ṣe tẹ̀ léra: àwọn ọmọ ìlú ló kọ́kọ́ kó o jọ, Google bá wọn níbẹ̀ ni.

Èkó náà, lóṣù keje ọdún 2019 ni Google kéde pé ọ̀nà danfo máa wà nínú máàpù wọn. Inú mi dùn sí i. Àmọ́ Èkó ni Èkó ń jẹ́. Èrò tó wà níbẹ̀ tó kí ilé iṣẹ́ ńlá ná owó lé e lórí. Ta ló máa ná owó lórí Àkúrẹ́ sí Ipogun? Bí wọ́n bá tiẹ̀ ná an, tiwọn ni. Ẹ ò lè mú fáìlì náà, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ilé ìwé kan ní Ipogun fún ẹni tí ò ní fóònù.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ OpenStreetMap. Steve Coast ló dá a sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2004, nígbà tí ìwé máàpù ìjọba ibẹ̀ gbówó lórí tí wọn ò sì jẹ́ kéèyàn lò ó bó ṣe wù ú. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ nǹkan sí i, ẹnikẹ́ni ló lè mú un lò, tó bá ṣáà ti sọ ibi tó ti rí i. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní Haiti lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2010, àwọn èèyàn káàkiri ayé jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, láàárín ọjọ́ mélòó kan wọ́n ti ya títì Port-au-Prince sínú ẹ̀ fún àwọn tó ń gbẹ̀mí là. Organic Maps àti OsmAnd tí mo dárúkọ lókè, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń mu. Tẹ́ ẹ bá kọ ibùdókọ̀ kan sí i ní Àkúrẹ́ lónìí, tó bá yá ó máa dé ọwọ́ ẹni tí ò ní dátà.

Iṣẹ́ náà ò wúwo. Láti Àkúrẹ́ dé Oǹdó ò ju nǹkan bíi kìlómítà 50 lọ. Tí fóònù bá ń kọ ibi tó wà sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan fún wákàtí kan, ibi 3,600 ló máa kọ, gbogbo ẹ̀ ò sì ní tó mẹ́gábáìtì kan. Fọ́tò ẹyọ kan lè tóbi jù ú lọ. Ìrìn kan ò tó o, torí ọkọ̀ lè dúró nítorí go-slow, nítorí ewúrẹ́, tàbí kí dírẹ́bà fẹ́ ra ẹ̀pà. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá kó ìrìn mẹ́wàá jọ, ibi tí ewúrẹ́ ti dá ọkọ̀ dúró á pòórá, ibi tí ọkọ̀ mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ti dúró á yọ kedere. Ibùdókọ̀ nìyẹn. Kíláàsì kan ní FUTA lè fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣe ti Àkúrẹ́, kí àwọn tó wà ní Adéyẹmí àti UNIMED mú ti Oǹdó. A ní ẹ̀ka ìmọ̀ tó dá lórí yíya ilẹ̀ àti sátẹ́láìtì níbí. Mi ò mọ iṣẹ́ àṣetiléwá tó lè dáa ju èyí lọ.

Ohun méjì ló ń kọ mí lóminú. Àkọ́kọ́ ni owó ọkọ̀. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, láàárín ọjọ́ díẹ̀ epo tí à ń rà ní ohun tí ò tó igba náírà ti ń sún mọ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta tàbí kó kọjá ẹ̀. Iye yòówù tí wọn ì bá ti kọ sórí máàpù kó tó dìgbà yẹn ti di irọ́. Àwọn kan ní ká má wulẹ̀ kọ owó sí i. Mi ò gbà. Ká kọ ọ́ pẹ̀lú ọjọ́ tá a san án, kẹ́ni tó bá kà á mọ bó ṣe pẹ́ tó. Iye tó ti lé lóṣù mẹ́ta ṣì sàn ju òfìfo lọ.

Èkejì ni àwọn dírẹ́bà fúnra wọn. Nígbà tí mo dán an wò nínú kábù láti gééètì FUTA lọ sí Ọjà Ọba, dírẹ́bà rí mi nínú gíláàsì pé mo ń tẹ nǹkan ní gbogbo ibi tó bá dúró sí. Ó ní, "Bọ̀dá, ṣé ìjọba ló rán yín ni?" Mo ní rárá o, ẹ̀gbọ́n, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ní wọ́n ti gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ òun lẹ́ẹ̀mejì kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, tí wọ́n bá tún wá mọ ibi tóun ń gbà, ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló ń bọ̀ yẹn. Ẹ̀rù rẹ̀ ò dà bí ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ létí mi. Ojú ọ̀nà tá a kọ síta, agbowó náà lè kà á. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé a ò gbọ́dọ̀ kọ nọ́ńbà ọkọ̀, a ò gbọ́dọ̀ kọ orúkọ dírẹ́bà tàbí ibi tó ń gbé ọkọ̀ sùn. Ibi tí gbogbo èèyàn ti ń wọkọ̀ ní gbangba la máa kọ, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kẹ́yin náà gé apá ìrìn yín tó sún mọ́ ilé yín kúrò kẹ́ ẹ tó fi síta.

Mo fi máàpù náà hàn án nígbà tá a dé, mo gbé iná fóònù sókè kó lè rí àwọn àmì tí mo tẹ̀. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi ìka yí i lọ, ó yí i bọ̀, inú bí i díẹ̀. Ó ní, "Èyí tó o kọ síbí yìí ò dáa. A ò kì í gbé èrò níbí mọ́, wọ́n ti lé wa. Iwájú ilé epo yẹn la wà báyìí." Ó fi ibẹ̀ hàn mí, ó sì dúró títí mo fi tún un kọ.